Ìlà Mọ́kànlélógójì Tí Ẹ̀rọ Yọ Sápá Kan

"Kò sí níbẹ̀, mà," ni Sájẹ́ǹtì Àyàndìran wí, ó na ìka sójú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń fi olè hàn lọ́jà. "Ṣáájú Sátidé tó kọjá yìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọmọ yìí wá sí ilé-ìwòsàn yìí láyé rẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n sì tọ́jú ibà fún un ní oṣù kejì ọdún yìí. Ó parí. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ara rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Yálà ìyá ọmọ ń purọ́, tàbí kí ẹnì kan ti pa á rẹ́."

Ìsípẹ́kítọ̀ Ràhámọ̀tù Àmúdà wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Ó fa àga, ó jókòó, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ti ń há a mọ́ ọmọ-ìka láti àárọ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, gbogbo Ìwó ló sì mọ̀ ọ́n. Kì í lọgun, kì í na ẹnikẹ́ni, kì í sì í yára. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Òṣogbo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ adìẹ tó sọnù fún Ràhámọ̀tù, àwọn adìẹ tó kù ni yóò kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Èsì tirẹ̀ ni pé àwọn tó kù ló rí i nígbà tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìẹ. Láàárọ̀ Sátidé, ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí Ilé-ìwòsàn Ìtura láti agboolé Alápò. Ismaeel lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì Adéníkẹ́ ṣí fáìlì rẹ̀, kò rí ìkìlọ̀ kankan. Dókítà ní kó gún un ní pẹnisílíìnì, ó gún un. Kí ó tó ju abẹ́rẹ́ nù, ojú ọmọ ti wú, èémí ti ń há. Dókítà fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jà kí ó tó rí i fà padà. Òní ni Ajé, ọmọ náà ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà afẹ́fẹ́ ṣì wà nímú rẹ̀.

Mùrí, bàbá ọmọ, ááfà kéú tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún, kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó lọ sí tésàn. Láti Sátidé ni Adéníkẹ́ ti wà látìmọ́lé, lọ́la Túsìdeè ni wọn ó sì gbé e dé kóòtù. Bí ọmọ bá lọ kú pẹ́nrẹ́n, ẹjọ́ apànìyàn ló dà.

"Ohun kan ṣì wà, mà," ni Àyàndìran wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ayé wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan nìkan ló wà nínú yàrá yìí. Mùbárákù, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Ó ní òun ń ṣe ọ́pídéètì sáfà, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú gbogbo fáìlì wọn. Bó ṣe ṣe é tán, ó gba Kuta lọ, fóònù rẹ̀ ò sì wọlé mọ́ títí di àná. Kí lẹ fẹ́ ká pe ìyẹn?"

"Mi ò tíì fẹ́ pè é ní nǹkan kan," ni Ràhámọ̀tù wí. "Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Jẹ́ ká lọ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì ná."

*

Adéníkẹ́ kò jẹun láti àná. Búrẹ́dì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wá ṣì wà nínú ọ̀rá. Bó ti rí Ràhámọ̀tù, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Dìde, ọmọ mi. Ọmọ tí Ọlọ́run dá sí ò ní kú mọ́ ọ lọ́rùn. Sọ fún mi, ṣé o ṣí fáìlì yẹn lóòótọ́?"

"Mo ṣí i, mà."

"Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, tí o kàn fojú fò ó."

"Mà, mo ní ọmọ méjì. Mi ò gún ọmọ kankan rí kí n má ṣí fáìlì rẹ̀. Mo tún bi Ìyá Àgbà pé ṣé oògùn kankan wà tí ara ọmọ yìí kọ̀. Wọ́n ní rárá o, ọmọ àwọn ò kọ nǹkan kan àfi ewúro." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mo rí ojú ẹ̀ bó ṣe ń wú, mà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó rò pé n ó ran òun lọ́wọ́."

Ràhámọ̀tù wò ó. Ó ti rí òpùrọ́ tó ń sunkún dáadáa, ó sì ti rí olóòótọ́ tí kò lè sun ẹkún kankan, nítorí náà kì í fi omijé dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ní ọmọ di ọwọ́ òun mú yẹn, òpùrọ́ kì í sọ ohun tí yóò tún dá kún ẹ̀bi ara rẹ̀.

"Jẹ búrẹ́dì yẹn," ló wí. "Mo ń padà bọ̀."

*

Ìgbà tí Mùbárákù wọlé sí yàrá kọ̀ǹpútà Ìtura, Àyàndìran ti mú ṣẹkẹṣẹkẹ dání. Ọmọkùnrin tó tó ọgbọ̀n ọdún ni, ó tín-ín-rín, ó sì fi gíláàsì sójú. Ràhámọ̀tù kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó ní kó na ọwọ́.

Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ibi mẹ́ta ló ti bó, erùpẹ̀ pupa sì há sábẹ́ èékánná.

"Pákí mélòó lo hú?"

Mùbárákù ṣẹ́jú. "Poro mẹ́rin, mà. Oko ìyá mi ni, ní Kuta. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀."

"Sájẹ́ǹtì, fi irin yẹn sápò. Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá kì í hú pákí poro mẹ́rin." Ó yíjú sí Mùbárákù. "Wàyí o, sọ ohun tí o ṣe sí sáfà yìí fún mi. Sọ ọ́ bí ìgbà tí o ń sọ fún ìyá rẹ."

Mùbárákù nu gíláàsì rẹ̀. "Mà, sáfà yìí ò dà bí àwọn yòókù. Kì í pa nǹkan rẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń kọ, ní títẹ̀léra. Ọmọ dé, ó kọ ọ́. Wọ́n yẹ ibà rẹ̀ wò, ó kọ ọ́. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó lọlé, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. Bí a bá ṣi nǹkan kọ, kò sí pé à ń nù ún. Ìlà mìíràn la ó kọ sísàlẹ̀ pé ti àárọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀."

"Fáìlì tí nọ́ọ̀sì ń rí wá ńkọ́?"

"Sáfà ló ń ka gbogbo ìlà látòkè délẹ̀, á wá ko ohun tó kan ẹni yẹn jọ fún un."

Ràhámọ̀tù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Dáyárì tésàn lo ń sọ yẹn! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ọ́. Ojú ewé ní nọ́ńbà, o ò gbọdọ̀ ya á, o ò gbọdọ̀ fi nǹkan pa á. Bí o bá kọ pé Làmídì jí ewúrẹ́, tí o wá rí i pé kì í ṣe Làmídì, Làmídì á wà níbẹ̀ títí ayé, ìwọ á kọ sísàlẹ̀ pé a ti dá a láre. Ọ̀gá tí ò bá kàwé dé ìsàlẹ̀ ni yóò máa pe Làmídì lólè."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"Mo dá a dúró, mo fi ẹ̀yà tuntun sí i, mo sì ní kó tún gbogbo ìlà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí n parí kí àwọn èèyàn tó kírun tán, torí wọ́n á ya wá. Ó kà á tán. Ìlà tó wà níbẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, mọ́kànlélógójì péré ló yọ sápá kan pé kò yé òun. Ìdọ̀tí àtijọ́ ni. Mo ní n ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹ̀dà ti Ọjọ́bọ̀ wà?"

"Ó wà, mà."

"Kà á mọ́ tòní. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà kankan dín."

Ó kà á lójú wọn. Ìlà kankan kò dín, nọ́ńbà kankan kò sì fò. Àyàndìran na ọrùn wo kọ̀ǹpútà, ìrẹ̀wẹ̀sì hàn lójú rẹ̀, nítorí pé afurasí rẹ̀ ti bọ́.

"Kò sẹ́ni tó ya ìwé," ni Ràhámọ̀tù wí. "Ó ku ìyá ọmọ."

*

Wọ́n bá Fàtímọ̀ lórí àga gígùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ràhámọ̀tù jókòó tì í, ó kí i kú ìdúró ti ọmọ, ó dúró kí ó rí ẹ̀mí gbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ sọ pé lọ́dún tó kọjá, ilé-ìwòsàn yìí kan náà ló sọ fún yín pé ara ọmọ yìí kọ abẹ́rẹ́ yẹn."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, Alhaja. Ọjọ́ kejì Iléyá èṣí ni. Ìṣó ibi tí wọ́n so àgbò mọ́ ló gún un lẹ́sẹ̀. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ojú ẹ̀ wú, wọ́n tọ́jú ẹ̀, wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e wá?"

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Fàtímọ̀.

"Mi ò sí nílé," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo ti lọ kí àwọn òbí mi kú ọdún ní Òṣogbo. Ìyàwó wa ló gbé e wá, Humairah, ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Òun ló sọ fún mi nígbà tí mo dé. Mo sọ fún bàbá ẹ̀. Mi ò rántí sọ fún Ìyá Àgbà. Sátidé yìí, ọjà Odò-Orí ni mo wà, Alhaja. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì."

Ó bú sẹ́kún. Ràhámọ̀tù fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn títí ó fi dákẹ́.

Lóde, Àyàndìran ti tún rí ọ̀nà tuntun. "Mà, ìyàwó kékeré yẹn ò gbé ọmọ débí. Kẹ́mísìtì ló gbé e lọ, ó wá parọ́ pé ilé-ìwòsàn ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú fáìlì."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Adéníkẹ́ kò lẹ́jọ́ jẹ́, Humairah ni yóò sì fara gbá a. Ràhámọ̀tù yíjú padà sí yàrá kọ̀ǹpútà.

"Orúkọ ọmọ la ti fi ń wá a látàárọ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ wá a."

*

Mùbárákù pe ọjọ́ kejì Iléyá èṣí. Èèyàn mẹ́tàlá ló wá sí Ìtura lọ́jọ́ náà. Mẹ́sàn-án jẹ ẹran jù. Obìnrin méjì wá bímọ. Ọkùnrin kan já lórí ọ̀kadà.

"Ẹnì kẹtàlá," ni Mùbárákù kà, ojú rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Akọ̀wé Alápò. Ọkùnrin, ọmọ ọdún méje. Ìṣó gún un lẹ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ méjì. Ojú wú, èémí há. Ara kọ pẹnisílíìnì."

"Akọ̀wé ta ni?" ni Àyàndìran béèrè. "Ọmọ mìíràn lèyí."

"Sájẹ́ǹtì, ṣé o ti gbéyàwó?"

"Ó ku oṣù mẹ́ta, mà."

"Wàá rí i. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti ń jẹ́ ìyàwó nílé Àmúdà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, tó ti hewú, Ìbàdíàrán ni mo ń pè é títí dòní. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí, bí iná bá sì ń jó ilé, Ìbàdíàrán náà ni n ó pè." Ó dìde. "Humairah ni mo fẹ́ rí."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé agboolé Alápò. Humairah ń fọ aṣọ ọmọ lábẹ́ igi dógóńyárò, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Kò tíì tó ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Lọ́jọ́ kejì Iléyá èṣí, ta lo gbé lọ sílé-ìwòsàn?"

"Ọkọ mi ni, mà. Ọmọ Ááfà."

"Orúkọ wo lo pè fún wọn?"

"Akọ̀wé."

"Ṣé o mọ orúkọ rẹ̀ gan-an?"

Humairah tẹjú mọ́lẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mo bá a nílé ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó ti mú wàláà rẹ̀ dání lọ́jọ́ tí mo wọlé, ló jẹ́ kí n máa pè é ní Akọ̀wé. Nọ́ọ̀sì bi mí pé Akọ̀wé wo, mo ní Akọ̀wé ilé Alápò. Ọmọ ń ké, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọn ò bi mí mọ́." Ó gbójú sókè lójijì, ẹ̀rù ti bò ó. "Ṣé torí ìyẹn ni wọn ò fi rí i, mà? Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa ọkọ mi?"

"Rárá," ni Ràhámọ̀tù wí kíá. Lẹ́yìn náà, nítorí pé kì í fẹ́ fi irọ́ rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún, ó fi kún un pé: "Ìwọ lo mú kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló sọ ọ́ nù. Mo ń wá ẹni náà."

*

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí Ràhámọ̀tù padà dé, ó ní kí Mùbárákù máa ka ìlà tó kan Akọ̀wé lọ sísàlẹ̀, bí ọ̀gá tésàn tó mọṣẹ́ ṣe ń ka dáyárì. Mùbárákù kà títí ó fi dé oṣù kejì ọdún yìí, ìgbà tí Ìyá Àgbà gbé Ismaeel wá fún ibà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ìlà kan báyìí: *Akọ̀wé Alápò àti Ismaeel Mùrí, ọmọ kan náà ni. A.G.*

"Ẹnì kan ti mọ̀," ni Ràhámọ̀tù wí. "Ẹnì kan ti so wọ́n pọ̀. Kí ló dé tí fáìlì kò fi so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ó yẹ kó so wọ́n."

"Ta ni A.G.?"

"Bàbá Abdulganiyu. Àwọn ló ń gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Oko ni wọ́n ń dá ní Olúpọ̀nnà báyìí."

Ràhámọ̀tù gun ọ̀kadà. Ó fi aṣọ di ojú nítorí eruku, ó di ẹni tó wà níwájú mú gírígírí, ó ń ṣe bísímílà ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Ó bá bàbá náà létí àgbàdo rẹ̀, ọkọ́ léjìká, inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò fẹ́ dákẹ́ mọ́ pé ẹnì kan wá bi òun léèrè nípa iṣẹ́ òun.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Ìsípẹ́kítọ̀. Ilé náà ló yẹ ká wò ká tó kọ orúkọ sílẹ̀! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Obìnrin á gbé ọmọ dé, á ní Ìdílẹ̀kẹ̀ ni, á ní Adúmáradán ni. Ọmọ ọkọ wọn ni, wọn ò lè pè é. Nọ́ọ̀sì tó ti Èkó wá á kàn kọ Adúmáradán sínú ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá gan-an á gbé ọmọ kan náà dé, á pè é ní Sodiqat. Ọmọ kan ti di méjì!"

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

"Mo mọ ojú wọn. Mo mọ ilé wọn. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń kọ ìlà kan fún ẹ̀rọ pé ọmọ kan náà ni. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú Mùbárákù ló fi bí mo ṣe máa kọ ọ́ hàn mí."

"Ṣé Mùbárákù mọ̀?"

Bàbá náà gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo kà wọ́n, mo kọ ọ́ sí bébà, mo ní n ó fi lé ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fún mi ní kéèkì, wọ́n yà mí ní fọ́tò. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Bébà ọ̀hún ṣì wà nínú àpò agbádá yẹn."

"Mélòó ni gbogbo wọn?"

"Mọ́kànlélógójì."

Ràhámọ̀tù ti fẹ́ yípadà. Ó dúró. Ó ti gbọ́ iye yẹn lówùúrọ̀ òní, lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ pé bàbá yìí ń ka nǹkan kan.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà. À ń lọ sí Ìwó."

*

"Ṣí ìdọ̀tí yẹn," ni Ràhámọ̀tù wí fún Mùbárákù.

"Ìdọ̀tí wo, mà?"

"Mọ́kànlélógójì tí sáfà ní kò yé òun."

Mùbárákù tẹ bọ́tìnnì. Ìlà náà tò wálẹ̀. *Adúmáradán àti Sodiqat, ọmọ kan náà ni. Eyínfúnjowó àti Abdulsobur, ọmọ kan náà ni.* Ní ìlà kejìdínlógójì ló ti rí Akọ̀wé. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà bíi pé ó gbóná.

Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Bàbá kọ ìlà wọ̀nyẹn lọ́nà ti àtijọ́, ẹ̀yà tuntun kò mọ ọ̀nà náà, ó sì yọ wọ́n sápá kan kí olóye kan bá òun yẹ̀ wọ́n wò. Fún oṣù márùn-ún, Akọ̀wé àti Ismaeel jẹ́ ọmọ kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó sálámà tán, wọ́n ti tún di méjì. Ìkìlọ̀ wà lọ́dọ̀ èyí tí kò sẹ́ni tó máa pè.

"Ẹ̀rọ bi mí," ni Mùbárákù wí. "Ó bi mí léèrè, mo sì lọ hú pákí. Ẹ fi ṣẹkẹṣẹkẹ yẹn sí mi lọ́wọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa lọ."

Ràhámọ̀tù wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bí mo bá tì ọ́ mọ́lé, ta ni yóò bá mi tún ogójì tó kù ṣe? Ogójì ọmọ ló wà nígboro Ìwó báyìí tí wọ́n jẹ́ méjì méjì. Jókòó. Bàbá á máa kà á fún ọ, ìwọ á máa kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi rẹ, èmi pẹ̀lú Dókítà á sọ ọ́ lọ́la, torí Dókítà tó ní kí o sáré náà ní tiẹ̀ láti gbọ́. Àmọ́ ìkà kọ́ ni ọ́."

Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, fáìlì Ismaeel ti di ìbẹ̀wò mẹ́rin, ti Sátidé ló kẹ́yìn. Ìkìlọ̀ pupa wà lókè rẹ̀ gbàgàdà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ràhámọ̀tù mú un lọ bá Mùrí ní ilé kéú rẹ̀, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fún un láti ọjọ́ ìṣó títí di òní.

Ááfà Mùrí gba bébà náà, ó tún un kà.

"Ta ni mo fẹ́ máa bínú sí báyìí, Alhaja?"

"Ẹ má tíì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ẹni tó wà látìmọ́lé sílẹ̀."

Ó wọ fìlà rẹ̀, ó tẹ̀ lé e lọ sí tésàn. Nígbà tí Adéníkẹ́ jáde, Ááfà ló kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, ááfà tí kì í bẹ èèyàn.

*

Ní agogo mẹ́sàn-án Túsìdeè, wákàtí tó yẹ kí Adéníkẹ́ ti wà níwájú adájọ́, ó wà nínú yàrá Ismaeel pẹ̀lú fóọ̀mù tuntun àti bíírò. Wọ́n ti yọ rọ́bà nímú ọmọ, ó ń sùn. Fàtímọ̀ àti Ááfà Mùrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Àgbà wà lórí àga, Ràhámọ̀tù fara ti ògiri. Humairah dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé.

"Fóọ̀mù yìí gbọ́dọ̀ ti ẹnu ẹni tó gbé e wá nígbà ìṣó jáde," ni Adéníkẹ́ wí. "Kí lorúkọ aláìsàn?"

Gbogbo wọn wo Humairah. Ó wo Ìyá Àgbà.

"Wọlé wá, ìyàwó," ni Ìyá Àgbà wí. "Àpọ́nlé là ń fi orúkọ tí ẹ̀ ń pè wọ́n ṣe. Àpọ́nlé tó bá fẹ́ pa ọmọ, kí la fẹ́ fi ṣe? Èmi ìyá ọkọ rẹ, mo yọ̀ǹda. Bẹ̀rẹ̀ látòní, bó bá ti di ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn, kí gbogbo ìyàwó Alápò máa pe ọkọ wọn lórúkọ."

Humairah kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ìka ọmọ mú. Omijé ti kún ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ.

"Ismaeel," ló wí.

Ọmọ náà la ojú. Ó wò ó pẹ́, ó yà á lẹ́nu gidigidi.

"Ìyàwó wa," ni ọmọ náà béèrè, ohùn rẹ̀ ṣì há, "ta ló sọ orúkọ mi fún yín?"

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Fàtímọ̀ ń rẹ́rìn-ín ó ń sunkún, Ááfà fi ìgbátí fìlà nu ojú. Adéníkẹ́ tẹ orí ba fóọ̀mù, ó kọ Ismaeel síbẹ̀, ó sì kọ Akọ̀wé tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.